Ohùn Tó Ń Wá Lẹ́yìn Wárápá

Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run tó jẹ́ kí n fi ẹsẹ̀ ara mi rìn dé iwájú yìí, tí mo sì mọ ibi tí mo dúró sí. Ẹ̀yin ará, mo kí yín lórúkọ Jésù. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo ti bẹ Pásítọ̀ fún ààyè láti jẹ́rìí, ẹ̀ẹ̀mẹtẹ̀ẹ̀ta ni ẹnì kan sì ń fà mí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan pé kí n kàn sọ pé mo ṣàìsàn, Olúwa wò mí sàn, kí n lọ jókòó. Mi ò ní sọ ọ́ bẹ́ẹ̀. Àìsàn náà lórúkọ. Wárápá ni orúkọ rẹ̀. Mo rí i pé àwọn kan ti sorí kọ́. Ẹ gbórí yín sókè. Èmi tó ń ṣe kò tijú, kí ló wá kan ẹ̀yin tí ẹ jókòó?

Orúkọ mi ni Mojísọ́lá, ìyá Fọláṣadé. Ìgbòho ni wọ́n bí mi sí. Ọmọ ọdún mẹ́sàn-án ni mí nígbà tí wárápá kọ́kọ́ gbé mi ṣubú, lẹ́bàá kànga. Bàbá mi kò gbé mi pamọ́. Wọ́n gbé mi sẹ́yìn kẹ̀kẹ́, wọ́n wa kẹ̀kẹ́ náà títí a fi dé ibi tí a ti rí mọ́tò, a sì dé ọsibítù. Láti ìgbà náà ni mo ti ń lo oògùn oníhóró, ọ̀kan láàárọ̀, ọ̀kan nírọ̀lẹ́. Tí mo bá ti ń lò ó déédéé, ọdún kan lè kọjá kó má gbé mi. Mo ka ìwé mi, mo kọ́ iṣẹ́ tẹlifóònù, mo sì ríṣẹ́ ní Dùgbẹ̀.

Èmi ni mò ń jókòó sídìí bọ́ọ̀dù ní ọ́fíìsì wa. Fún ẹni tí kò bá mọ̀ ọ́n, ẹ̀rọ ńlá kan ni, okùn pọ̀ lára rẹ̀ bí irun. Ìpè á wọlé, màá gbọ́ ohùn onítọ̀hún nínú nǹkan tí mo fi dé etí, màá sì fa okùn kan, màá kì í bọ ihò ẹni tó ń wá. Láti àárọ̀ di ìrọ̀lẹ́, ohùn àwọn tí mi ò rí ni mò ń gbọ́. Iṣẹ́ mi nìyẹn, mo sì mọ̀ ọ́n ṣe.

Bàbá Ṣadé nìyẹn lọ́hùn-ún, ẹni tó wọ búbá funfun. Iṣẹ́ ìtẹ̀wé ni wọ́n ń ṣe ní Ring Road. Kí a tó fẹ́ra ni mo ti sọ fún wọn pé mo ní wárápá. Wọ́n ní àwọn náà ń hanrun. Bí a ṣe fẹ́ra nìyẹn, tí a gba yàrá àti pálọ̀ ní Àgbowó.

Nígbà tí ọjà wọ́n, tí gbogbo wa ń tò fún mílíìkì àti ọṣẹ, ẹ ò gbàgbé, oògùn tèmi náà wọ́n. Màá dé ojú fèrèsé tí wọ́n ti ń pín oògùn, ọkùnrin ibẹ̀ á wo káàdì mi, á kọ “kò sí” sí i, á sì dá a padà. Mo wá bẹ̀rẹ̀ sí í dá hóró kan sí méjì. Nígbà tó yá, mo ń dá ìdajì náà sí méjì.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun kan ni ó gbé mi lẹ́ẹ̀mẹrin. Irú rẹ̀ kò ṣẹlẹ̀ sí mi rí láyé mi. Ní ọjọ́ kejì, oorun ni mo fi gbogbo ọjọ́ sùn. Ní ọjọ́bọ̀ ara mi ti yá, mo fọṣọ, mo dáná, mo lọ síbi iṣẹ́, mo ń bá àwọn ọ̀rẹ́ mi ṣeré. Ní ọjọ́ Ẹtì, mo wà nídìí bọ́ọ̀dù, ohùn obìnrin kan wọlé. Ó pè mí ní orúkọ tó jẹ́ pé ìyá mi tó ti kú nìkan ló ń pè mí bẹ́ẹ̀. Mo ní, “Ta ni ẹ fẹ́ bá sọ̀rọ̀, mà?” Ó ní èmi ni. Ó ní ọmọ tó wà nílé mi kì í ṣe Ṣadé mọ́, wọ́n ti pààrọ̀ rẹ̀. Mo fa okùn náà yọ. Ohùn náà kò dákẹ́. Mo fa gbogbo okùn tó wà lára ẹ̀rọ yọ. Mo bọ́ nǹkan etí náà sílẹ̀ lórí tábìlì, mo dìde, mo sún sẹ́yìn, ohùn náà ṣì ń sọ̀rọ̀.

Wọ́n ní mo wọlé tọ mánijà wa lọ, mo ní kí wọ́n dá ọmọ mi padà fún mi. Ọkọ̀ ilé iṣẹ́ ni wọ́n fi gbé mi délé, ènìyàn mẹ́ta ló dì mí mú.

Bàbá Ṣadé gbé mi lọ sí ilé ìwòsàn aládàáni kan. Dókítà ibẹ̀ kò lo ìṣẹ́jú mẹ́wàá lọ́dọ̀ wa. Bàbá Ṣadé ní, “Dókítà, wárápá máa ń gbé e o.” Ó ní, “Ìyẹn lọ́tọ̀. Èyí tí mò ń wò yìí, wèrè ni.” Wọ́n gún mi lábẹ́rẹ́ tó ń múni sùn. Ní ọjọ́ kejì abẹ́rẹ́ náà, wárápá tún gbé mi lẹ́ẹ̀mejì, kò sì sẹ́ni tó fi èyí ṣe nǹkan kan. Nígbà tó tó bí ọjọ́ mẹ́jọ, ohùn náà kúrò fúnra rẹ̀. Mo jí láàárọ̀, mo rí Ṣadé lórí ẹní, mo mọ̀ pé ọmọ mi ni.

Ibi tí mo ti fẹ́ bá ẹ̀yin sọ̀rọ̀ ló kàn. Ìròyìn ti dé ṣọ́ọ̀ṣì kí n tó dé. Lọ́jọ́ Oúnjẹ Alẹ́ Olúwa, mo rí ife kékeré kan nínú àwo tí wọ́n so òwú pupa mọ́. Ìyá tó ń gbé àwo náà kiri sọ sí mi létí pé tèmi nìyẹn. Wọ́n ní itọ́ ẹni tó ní wárápá máa ń ràn. Mo mu ún. Olúwa ni mo wá bá jẹun, ẹ̀yin kọ́ ni mo wá bá jẹun. Nígbà tó di ọ̀sẹ̀ kejì, wọ́n ní kí n lọ sinmi nínú ẹgbẹ́ akọrin. Díákónì méjì wá sílé wa. Wọ́n gbàdúrà, mo ṣe àmín. Lẹ́yìn àdúrà, ọ̀kan nínú wọn sọ fún Bàbá Ṣadé pé kó dá mi padà sọ́dọ̀ àwọn ènìyàn mi ní Ìgbòho, kó tó di pé mo ṣe ẹnì kan léṣe. Ìṣojú mi ló ti sọ ọ́, bí ẹni ń sọ̀rọ̀ àga tó kán. Orí mi sì pé ṣáṣá lọ́jọ́ náà, èmi ni mo gbé omi fún un mu.

Àbúrò ìyá mi tó ń ṣe Aládùúrà ní tiwọn sọ pé ẹ̀mí òkùnkùn ni, kí n kó ìwọ̀nba oògùn tó kù dà sódò. Ẹnì kan ní wèrè, ẹnì kan ní ẹ̀mí. Kò sí ẹni tó bi mí pé ọjọ́ wo ló bẹ̀rẹ̀, kí ló sì ṣáájú rẹ̀.

Kò pé oṣù méjì, ó tún dé. Wárápá gbé mi lẹ́ẹ̀mẹta láàárín àárọ̀ sí ìrọ̀lẹ́. Mo gbádùn fún ọjọ́ méjì. Ìgbà tó di ọjọ́ kẹta, ohùn dé. Lọ́tẹ̀ yìí, mo pọn Ṣadé, mo rìn láti Àgbowó lọ sí Bódìjà, mo ní mò ń wá ibi tí wọ́n gbé ojúlówó ọmọ mi pamọ́ sí. Ọkùnrin kan tó ń ta pákó ló fà mí kúrò lójú títì. Ọkọ̀ tó kó gẹdú ń bọ̀, èmi sì dúró sí àárín ọ̀nà, mò ń dá ẹni tí kò sí níbẹ̀ lóhùn, ọmọ wà lẹ́yìn mi. Mi ò rántí ẹ̀. Àwọn ló sọ ọ́ fún mi. Ní gbogbo ìgbà tí mo bá pọn Ṣadé báyìí, mo máa ń rò ó.

Lẹ́yìn èyí ni lẹ́tà dé láti ọ́fíìsì. Wọ́n ní kí n mú ìwé dókítà wá láàárín oṣù kan pé n kì í ṣe wèrè, láìjẹ́ bẹ́ẹ̀ kí n má padà wá mọ́. Lọ́sàn-án ọjọ́ náà, mo kúnlẹ̀ nídìí bẹ́ẹ̀dì mi. Mi ò pariwo. Mo ní, Olúwa, nígbà tí nǹkan yìí bá ń ṣẹlẹ̀, èmi kì í sí nílé. Mi ò lè ṣe ẹlẹ́rìí ara mi. Rán ẹnì kan sí mi tó máa fi ojú ara rẹ̀ rí i, tó sì máa lè sọ ọ́.

Ọjọ́ kejì ni ìyá ọkọ mi kan ilẹ̀kùn.

Kí n sọ òótọ́, kì í ṣe àwọn ni mo retí. Lẹ́yìn Mọ́níyà ni wọ́n ń gbé, iṣẹ́ gààrí ni wọ́n ń ṣe. Mùsùlùmí ni wọ́n. Wọn kò fẹ́ ìgbéyàwó wa láti ìbẹ̀rẹ̀, torí pé nígbà tí a ṣì ń fẹ́ra sọ́nà ni Mùsílíù ọmọ wọn, Bàbá Ṣadé yìí, ti bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ̀lé mi wá síbí. Bí mo ṣe rí wọn, mo mọ̀ pé ọmọ ọmọ wọn ni wọ́n wá kó. Wọn kò sì bò ó. Wọ́n ní, “Mo wá mú Ṣadé lọ. Ṣùgbọ́n màá kọ́kọ́ wo nǹkan tó ń ṣe ìyá rẹ̀.” Wọ́n sọ ẹrù wọn kalẹ̀ sínú pálọ̀.

Ojú wọn ni ìgbà kẹta ṣe. Nígbà tí wárápá gbé mi, wọ́n yí mi sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, wọ́n sì fi etí ìborùn wọn nu ẹnu mi. Itọ́ tí ẹ̀yin ń torí rẹ̀ so òwú mọ́ ife nìyẹn. Nígbà tí ohùn dé, wọ́n tilẹ̀kùn àbájáde, wọ́n gbé àpótí sí ìdí rẹ̀, wọ́n jókòó tì í pẹ̀lú tẹ̀sùbáà wọn. Bàbá Ṣadé sọ fún mi pé mo pè wọ́n ní olè tó ń jí ọmọ gbé. Wọ́n ní, “Ó dáa, olè ni mí. Mu ẹ̀kọ yìí.” Báyìí ni wọ́n ń ṣe lójoojúmọ́ títí ojú mi fi wálẹ̀.

Nígbà tí orí mi pé, wọ́n ní kí a wá dókítà mìíràn. Bàbá Ṣadé ní a ti rí dókítà. Wọ́n ní, “Èyí tí kò létí yẹn? Ẹ wá ọ̀kan tó létí.”

Ọ̀rẹ́ mi kan tó jẹ́ nọ́ọ̀sì júwe ọsibítù ìjọba kan fún wa, ibi tí wọ́n ti ń tọ́jú ọ̀rọ̀ ọpọlọ. Ó ku ọjọ́ mẹ́wàá kí oṣù tí ọ́fíìsì dá pé. Dókítà obìnrin ni a bá, kò dàgbà púpọ̀. Ó kọ́kọ́ béèrè pé, “Wárápá àti ohùn yìí, èwo ló ń ṣáájú?” Bàbá Ṣadé ní wọ́n jọ ń wá ni. Èmi ní mi ò mọ̀.

Ìyá wa, ìyá ọkọ mi tó bá wa lọ, ní, “Wọn kì í jọ wá.”

Dókítà yíjú sí wọn. Ó ní, “Ẹ sọ fún mi, mà.”

Wọ́n ní, “Èmi ò mọ̀wé, ọjọ́ ọjà wa tí a ń ná lọ́rọọrún ni mo fi ń ka ọjọ́. Ọjọ́ ọjà ni ó gbé e ṣubú lẹ́ẹ̀mẹrin. Mo mọ̀ torí mi ò lè lọ ná ọjà yẹn. Ọjọ́ kejì ọjà, ó sùn. Ọjọ́ kẹta, orí rẹ̀ pé. Ó dáná fún mi, ó sì ń fi mí ṣẹ̀fẹ̀ pé mi ò mọ bí wọ́n ṣe ń tan sítóòfù. Ǹjẹ́ bí wèrè ṣe ń ṣe nìyẹn? Ó ku ọ̀la kí ọjà mìíràn pé ni ó bẹ̀rẹ̀ sí í bá ẹni tí a kò rí sọ̀rọ̀. Ọjà méjì kọjá lórí rẹ̀. Kí ẹ̀kẹta tó pé, ó bi mí pé kí ló dé tí mo fi jókòó dí ẹnu ọ̀nà.”

Dókítà gbé bírò rẹ̀ sílẹ̀. Ó ní, “Mà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ tún un sọ.” Ó wá gbé bírò padà, ó ń kọ ọ́ ní ọjọ́ kọ̀ọ̀kan bí wọ́n ṣe ń sọ ọ́. Ó bi Bàbá Ṣadé nípa ti àkọ́kọ́. Ìṣẹ́gun ni wárápá, ọjọ́ Ẹtì ni ohùn. Ó béèrè ti ìkejì. Bákan náà ni. Ó wá yíjú sí èmi. Ó ní, “Ohùn tí ẹ ń gbọ́ yẹn, ṣé inú ẹ̀rọ ni tàbí inú yàrá?” Mo ní inú ẹ̀rọ ló ti bẹ̀rẹ̀, ó sì tẹ̀lé mi jáde. Ó ní, “Tí oṣù kan tàbí méjì bá kọjá tí wárápá kò gbé yín, ǹjẹ́ ẹ máa ń gbọ́ ọ?” Mo ní rárá. “Ǹjẹ́ ẹ tún máa ń rò pé wọ́n pààrọ̀ ọmọ yín?” Mo ní rárá o. Ẹ̀yin ará, ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí ẹnì kan bi mí ní ìbéèrè, tó sì dúró gbọ́ èsì.

Kò tíì sọ ohun tó rí fún wa lọ́jọ́ náà. Ó dá mi dúró ní wọ́ọ̀dù fún ọjọ́ mẹ́jọ. Wọ́n fi nǹkan bíi lẹ́ẹ̀ lẹ wáyà mọ́ orí mi kí ẹ̀rọ lè wo bí ọpọlọ mi ṣe ń ṣiṣẹ́. Ìgbà tí gbogbo rẹ̀ parí ló pe àwa mẹ́tẹ̀ẹ̀ta jókòó. Ó ní wèrè kan wà tó jẹ́ pé òun fúnra rẹ̀ ni àìsàn, kò dúró de wárápá. Ó ní tèmi kì í ṣe ìyẹn. Ó ní bí wárápá bá gbé ẹlòmíràn léraléra láàárín àkókò díẹ̀, ara onítọ̀hún lè dá fún ọjọ́ kan tàbí méjì, gbogbo ènìyàn á rò pé ó ti tán, ìgbà yẹn ni ọpọlọ á wá dàrú fún bí ọ̀sẹ̀ kan, á sì tún padà bọ̀ sípò. Ó ní ẹni tí kò bá béèrè ọjọ́ kò lè mọ̀ ọ́n. Ó ní, “Wárápá ni ká dá dúró. Tí òun bá dúró, ohùn náà kò ní rí ọ̀nà wọlé.” Ó pààrọ̀ oògùn mi, ó sì kọ orúkọ ibi méjì tí mo ti lè rí i rà.

Mo fẹ́ fi nǹkan kan kún un, mo sì mọ̀ pé kò ní dùn mọ́ gbogbo yín. Kí n tó dé wọ́ọ̀dù yẹn, mo ti mọ ohun tí màá sọ níbí. Màá sọ pé mo dúpẹ́ tí Ọlọ́run kò jẹ́ kí n jẹ́ wèrè bí àwọn wọ̀nyẹn. Ṣùgbọ́n obìnrin tí bẹ́ẹ̀dì rẹ̀ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ tèmi, wèrè gan-an ló ń ṣe é, èyí tí dókítà ní kì í dúró de wárápá. Òun ló fi omi gbígbóná yọ lẹ́ẹ̀ kúrò nínú irun mi, ó sì dì í fún mi ní ṣùkú. Kò sẹ́ni tó wá wò ó ní gbogbo ìgbà tí mo fi wà níbẹ̀. Ó ní òun náà ní ṣọ́ọ̀ṣì kan. Torí náà, mi ò ní dúró síbí fi í ṣe àkàbà gun òkè. Àìsàn ni tirẹ̀, àìsàn ni tèmi, ènìyàn ni àwa méjèèjì.

Mo gbé ìwé dókítà lọ sí Dùgbẹ̀ nígbà tó ku ọjọ́ kan. Mánijà kà á lẹ́ẹ̀mejì. Wọ́n gbà mí padà, ṣùgbọ́n inú yàrá fáìlì ni wọ́n fi mí sí. Mo ní mo dúpẹ́, ṣùgbọ́n bọ́ọ̀dù ni iṣẹ́ mi. Mo ń sọ ọ́ lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ fún oṣù mẹ́ta títí ó fi sú wọn. Mo ti padà sídìí bọ́ọ̀dù mi. Oṣù mẹ́rìnlá rèé tí wárápá kò gbé mi, ohùn tí mo sì ń gbọ́ kò ju ti àwọn tó ń wá mánijà lọ.

Ẹ ó ní níbo ni àdúrà wà nínú gbogbo èyí. Àdúrà ni mo gbà, ẹlẹ́rìí ni mo bẹ̀bẹ̀ fún, Ọlọ́run sì rán ẹlẹ́rìí sí mi. Kò rán díákónì. Obìnrin tó ń kírun lẹ́ẹ̀marùn-ún lójúmọ́ ló rán. Ẹnì kan ní kí n fo ibẹ̀ yẹn. Mi ò fò ó. Wọ́n ń bẹ lẹ́yìn lọ́hùn-ún lónìí, nínú ìborùn aláwọ̀ ewé. Ìyá wa, ẹ ṣeun. Wọn kò mú Ṣadé lọ mọ́. Bàbá Ṣadé ló ń gbé e lọ kí wọn ní Mọ́níyà, tí ó bá sì ti dé ọ̀hún kì í fẹ́ padà.

Oògùn mi wà nínú báàgì, màá lò ó nírọ̀lẹ́ yìí, màá lò ó lọ́la. Ẹni tó bá ní àìnígbàgbọ́ ni, kó kọ́kọ́ bọ́ ìgò ojú rẹ̀. Ní ti ẹgbẹ́ akọrin, ọjọ́bọ̀ tó ń bọ̀ ni ìdánrawò orin, àyè mi ni mò ń padà sí. Ẹni tó bá ń bẹ̀rù láti jókòó tì mí, àga pọ̀ lẹ́yìn.

Ó ku ọ̀rọ̀ kan. Mo mọ̀ pé ẹnì kan wà láàárín yín tó ti ọmọ mọ́ yàrá báyìí tó fi wá síbí, torí wárápá. Mi ò ní wo apá ibi tí o jókòó sí. Ọ̀la Ajé ni ọjọ́ tí dókítà yẹn máa ń rí àwọn aláìsàn. Aago méje àárọ̀, màá dúró ní ìdíkọ̀ Àgbowó. Mú ọmọ náà wá. O ò ní láti sọ nǹkan kan fún mi, kí o kàn wọ mọ́tò tí mo bá wọ̀. Ọjọ́ tó ṣubú àti ọjọ́ tó bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀ sódì nìkan ni kí o ti rò kalẹ̀ kí a tó débẹ̀.

Ẹ bá mi yọ̀, ẹ̀yin ará. Ẹni tó gbọ́ àdúrà mi lọ́sàn-án ọjọ́ yẹn, òun nìkan ni mo fi gbogbo ògo fún.